Bí a ṣe ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ ayò chess kalẹ̀ nínú ìdíje: ọ̀nà Italian, láti ìgbésẹ̀ kìíní títí dé ìgbà tí ẹ ó fọwọ́ síwèé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fìdí rẹmi nínú ìdíje chess wọn àkọ́kọ́, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ta. Wọ́n ti há ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tàbí méjìlá sórí láti inú fídíò, alátakò wá ṣe ohun tí kò sí nínú fídíò náà ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ni ọkàn wọn bá dàrú. Àwọn mìíràn, ọwọ́ ni wọ́n fi kan ọmọ ayò tí kò yẹ, tàbí kí fóònù dún lápò wọn. Ẹni tó ti mọ bí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, tó fẹ́ jókòó sídìí ọpọ́n nínú ìdíje ní Abẹ́òkúta, yálà ti iléèwé, ti ẹgbẹ́, tàbí ti gbọ̀ngàn kan ní agbègbè Kútò. Ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo la mú, a ó sì tú u palẹ̀. Ọ̀kan tó yé ènìyàn sàn ju márùn-ún tó há sórí lọ.

Orúkọ tí a ó máa lò nìyí: ọba, kuíìnì, rúùkù, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin àti pọ́ọ̀nù. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje, K ni ọba, Q ni kuíìnì, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin. Pọ́ọ̀nù kò ní lẹ́tà. Orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà: a sí h láti òsì sí ọ̀tún funfun, 1 sí 8 láti ọ̀dọ̀ funfun lọ sọ́dọ̀ dúdú. Nínú 1.e4 e5, ti funfun ló ṣáájú, ti dúdú tẹ̀ lé e; àmì ... lẹ́yìn nọ́ńbà túmọ̀ sí pé ìgbésẹ̀ dúdú ni, ! sì ni ìgbésẹ̀ tó dára gan-an. Àmì x túmọ̀ sí pé a jẹ ọmọ ayò, + ni ṣẹ́ẹ̀kì, # ni méètì, O-O sì ni káàsù sí apá ọba, ìyẹn ìgbà tí ọba fò lọ sí g1 tí rúùkù sì wá dúró ní f1. Ẹ tẹ́ ọpọ́n síwájú yín kí ẹ máa gbé e bí ẹ ṣe ń kà. Ẹni tó bá kàn fi ojú kà á lásán yóò gbàgbé kó tó di alẹ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè iye ìpele tí ẹ máa ta, iye àkókò tó wà lórí aago, bóyá ìdíje náà wà fún rating (iye tí a fi ń wọn agbára atayò), àti bóyá kí olúkúlùkù gbé ọpọ́n àti aago tirẹ̀ wá. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àkókò. Bí wọ́n bá ní 15+10, ìṣẹ́jú 15 ni ẹ ní, aago yóò sì máa fi ìṣẹ́jú àáyá 10 kún un fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ayò bá wọ ìgbésẹ̀ 60, ìṣẹ́jú 25 péré ni gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti 90+30 ń lọ sí wákàtí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà múra fún méjèèjì kò rí bákan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọpọ́n, ẹ ra èyí tó ṣeé ká, tí ilé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, tí ọba sì ga tó 9.5. Ìwọ̀n ìdíje nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi ọpọ́n kékeré olóòfà kọ́ṣẹ́, ojú rẹ̀ kì í tètè mọ́ ti ńlá. Á máa gbójú fo bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun kejì.

Ẹ kúrò nílé kùtùkùtù. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ọbáńtokò tàbí Láfẹ́nwá, ẹ ti mọ bí ọ̀nà ṣe ń há láàárọ̀, bí ẹ bá sì pẹ́ kọjá àkókò tí wọ́n fàyè gbà, wọ́n lè fún alátakò yín ní àmì ayò láìta. Ẹ mú bírò méjì, omi, àti oúnjẹ tí kò wúwo. Láfún àti ewédú di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láàárín ìpele kejì sí ìkẹta, oorun ni alátakò rẹ̀ gidi.

Ìdí tí a fi mú Italian

Ìbẹ̀rẹ̀ yìí ti pẹ́ gan-an. Gioachino Greco, ará Ítálì, ti ń kọ àwọn ayò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àwọn ògbóǹtarìgì òde òní bíi Magnus Carlsen àti Fabiano Caruana ṣì ń ta á. Ohun tó mú un dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ ayò ló ní ilé tó ń lọ, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba. Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi pọ́ọ̀nù tọrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè tètè kọlu ọba. Ó ń dùn wò, àmọ́ nígbà tí alátakò bá mọ ìdáhùn, pọ́ọ̀nù yín ti lọ, ayò ṣì gùn. Èyí tó ń rọra lọ la fara mọ́.

Ìgbésẹ̀ funfun, lọ́kọ̀ọ̀kan

1.e4 e5. Pọ́ọ̀nù yín gba àárín ọpọ́n, ó sì ṣí ọ̀nà fún kuíìnì àti bíṣọ́ọ̀bù.

2.Nf3 Nc6. Ẹṣin jáde, ó sì dojú kọ e5 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dúdú fi ẹṣin tirẹ̀ ṣọ́ ọ.

3.Bc4 Bc5. Bíṣọ́ọ̀bù yín ń wo f7. Ilé yẹn ni ibi tí ara ti ro dúdú jù lọ, nítorí ọba nìkan ló ń ṣọ́ ọ. F2 tiyín náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbàgbé.

4.c3 Nf6. C3 ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń múra sílẹ̀ kí pọ́ọ̀nù d lè wọ d4 nígbà tó bá yá, ó sì ń ṣí c2 sílẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù láti sá sí. Iṣẹ́ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ kì í rí. Bí dúdú bá gbé ẹṣin lọ sí a5 láti wá fi pààrọ̀ bíṣọ́ọ̀bù yín tó wà ní b3, ẹ kàn gbé e sí c2, ẹṣin dúdú á sì dá wà ní etí ọpọ́n.

5.d3 d6. Kí ẹ tó ṣe káàsù, e4 gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, torí ẹṣin f6 ti ń wò ó. Bí ẹ bá fi káàsù ṣáájú, dúdú lè jẹ e4, ayò á sì di rúkèrúdò tí ẹ ò múra fún. D3 pa ọ̀rọ̀ yẹn tì.

6.O-O O-O. Ní báyìí, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró wò suu la dé: "Kí ni kí n ṣe báyìí?" Ìdáhùn rẹ̀ wà. Rúùkù ń lọ sí e1. Ẹṣin tó kù nílé, tí c3 ti gba ilé rẹ̀, ń rìn yípo: d2, lẹ́yìn náà f1, lẹ́yìn náà g3. Láti g3, ó ń wo f5, ilé tó súnmọ́ ọba dúdú pẹ́kípẹ́kí. Ẹ rí i pé rúùkù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò ní f1 kí ẹṣin tó lè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹṣin sí d2 kó tó rántí rúùkù kò tíì bàjẹ́, ó kàn ní sùúrù láti ṣe ni.

Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí: 7.Re1 a6 8.Bb3 Ba7 9.h3 h6 10.Nbd2 Re8 11.Nf1 Be6. Níbí, dúdú fẹ́ pààrọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ lè ṣe 12.Bc2 láti pa tiyín mọ́. Lẹ́yìn Ng3, nígbà tí e4 bá ti ní olùṣọ́ tó pọ̀, ẹ wá ti d4. Ẹ má ti d4 kí àwọn ọmọ ayò yòókù tó jókòó sí ilé wọn. Ìkánjú lórí d4 ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù nínú ìbẹ̀rẹ̀ yìí.

Ohun kan wà nínú 7.Re1. Nígbà tí rúùkù bá kúrò ní f1, ọba nìkan ló kù tó ń ṣọ́ f2. Dúdú lè gbé 7...Ng4, tí ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù á sì jọ máa wo f2. Ẹ má bẹ̀rù: 8.Re2. Bí ó bá jẹ 8...Nxf2 9.Rxf2 Bxf2+ 10.Kxf2, ó fi ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù gba rúùkù àti pọ́ọ̀nù kan. Lójú iye, ó jọ ọgbọọgba, ṣùgbọ́n ní àárín ayò, ọmọ ayò méjì yín lágbára jù ú lọ. Bí kò bá jẹ ẹ́, h3 yóò lé ẹṣin náà padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí rárá lè ta 7.h3 ṣáájú, kó wá gbé Re1 tẹ̀ lé e. Fún ayò oníṣẹ́jú 15, bẹ́ẹ̀ gan-an la fẹ́ kí ẹ ṣe é.

Ẹ wo a6 tí dúdú ṣe ní ìgbésẹ̀ keje. Ó jọ ìgbésẹ̀ ọ̀lẹ, àmọ́ ó nídìí. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní c5 ń wá ibi tó máa sá sí. Bí kò bá ṣe a6 tàbí a5, ẹ lè ta b4, bíṣọ́ọ̀bù á padà sí b6. Ẹ tún ta a4. Ní báyìí a5 ń bọ̀, bíṣọ́ọ̀bù kò sì ní ilé mọ́: pọ́ọ̀nù tirẹ̀ wà ní a7 àti c7, b4 sì ti gba c5. Bí kò bá tètè rí i, ọmọ ayò kan yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún pọ́ọ̀nù kan péré. Àwọn tó há ìgbésẹ̀ sórí láìmọ ìdí rẹ̀ ni irú èyí ń mú.

Bí dúdú kò bá tẹ̀ lé ọ̀nà

Ìdíje kì í ṣe fídíò. Àwọn ohun tí ẹ máa bá pàdé jù nìyí, àti bí ẹ ṣe máa dáhùn.

*Bí ó bá gbé 3...Nd4.* Ó ń fi pọ́ọ̀nù e5 dẹ yín. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú 4.Nxe5, ó ṣe 4...Qg5, ó ń wo ẹṣin àti g2 lẹ́ẹ̀kan náà. Ojúkòkòrò á ní kí ẹ jẹ 5.Nxf7, ni 5...Qxg2 6.Rf1 Qxe4+ 7.Be2 Nf3# bá tẹ̀ lé e. Ọba yín kú láàárín agbo ilé ara rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní e2 kò lè jẹ ẹṣin nítorí kuíìnì ti so ó mọ́lẹ̀. Ìdáhùn tó tọ́ rọrùn: 4.Nxd4 exd4 5.O-O. Ẹ ti jáde jù ú lọ, ìkẹ́kùn rẹ̀ ti tú.

*Bí ó bá gbé 3...d6, tó sì fẹ́ fi bíṣọ́ọ̀bù so ẹṣin yín mọ́lẹ̀.* 4.Nc3 Bg4 5.h3. Bí ó bá padà sí Bh5, ẹ lè ta 6.Nxe5! Bí ó bá fi ìwọra jẹ kuíìnì, 6...Bxd1, ó tán: 7.Bxf7+ Ke7 8.Nd5#. Bí ó bá gbọ́n tó jẹ 6...Nxe5, ẹ ta 7.Qxh5 Nxc4 8.Qb5+, ṣẹ́ẹ̀kì yẹn á gba ẹṣin c4 padà, pọ́ọ̀nù kan á sì kù lọ́wọ́ yín. Ẹ kíyè sí i: Nc3 ló jẹ́ kí èyí ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ c3 lẹ ti ṣe, kò sí ẹṣin tó máa lọ sí d5, kò sì sí méètì. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ju kuíìnì nù nítorí pé wọ́n rántí Nxe5 láìrántí ìyẹn.

*Bí ó bá gbé Bg4 lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe c3 àti káàsù.* Ẹ lè fi h3 bi í. Bí ó bá padà sí h5, ẹ má sáré ta g4. G4 máa ń ṣí ọba yín sílẹ̀, pàápàá bí dúdú kò bá tíì ṣe káàsù, torí yóò ti pọ́ọ̀nù h rẹ̀ wá kọlù yín, tàbí kó fi ẹṣin jẹ g4 kó sì fọ́ ògiri yín. Ẹ ṣe Re1, Nbd2, Nf1, Ng3. Ẹṣin g3 á lé bíṣọ́ọ̀bù náà fún yín láìná kọ́bọ̀.

*Bí ó bá ṣe 5...d5.* 6.exd5 Nxd5 7.O-O. Lẹ́yìn náà Re1. E5 rẹ̀ ti di ẹrù tí yóò máa rù kiri.

*Bí ó bá ṣe 2...f6 láti ṣọ́ e5.* Èyí wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́. 3.Nxe5! Bí ó bá jẹ fxe5, 4.Qh5+. Bí ó bá dí i pẹ̀lú g6, 5.Qxe5+ á fi ṣẹ́ẹ̀kì mú rúùkù h8. Bí ó bá gbé 4...Ke7, 5.Qxe5+ Kf7 6.Bc4+, ọba rẹ̀ ti di alárìnkiri. Èyí tó dára jù fún un ni 3...Qe7, ẹ dáhùn pẹ̀lú 4.Nf3 Qxe4+ 5.Be2, kí ẹ sì ṣe káàsù.

*Bí ó bá ṣe 2...Nf6.* 3.Nxe5. Bí ó bá jẹ e4 lójú ẹsẹ̀, 4.Qe2, bí ẹṣin rẹ̀ bá padà sí f6, 5.Nc6+ mú kuíìnì rẹ̀, torí kuíìnì yín ń ṣẹ́ẹ̀kì ọba nígbà tí ẹṣin ń dojú kọ d8. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ṣe 3...d6 ṣáájú, ẹ padà sí 4.Nf3 Nxe4 5.d4.

Bí kò bá dáhùn e4 pẹ̀lú e5 rárá, ẹ má ṣe gbìyànjú láti há ìwé odidi sórí. Fún 1...e6: 2.d4 d5 3.exd5 exd5. Fún 1...c6: 2.d4 d5 3.exd5 cxd5 4.Bd3. Fún 1...c5: 2.c3, bí ó bá ṣe d5, 3.exd5 Qxd5 4.d4, bí ó bá ṣe Nf6, 3.e5 Nd5 4.d4. Fún 1...d5: 2.exd5 Qxd5 3.Nc3, kuíìnì rẹ̀ á tún rìn. Ìyẹn tó fún oṣù bíi mélòó kan.

Nígbà tí dúdú bá jẹ́ tiyín

Ẹ dáhùn e4 pẹ̀lú e5, ilé kan náà ni àwọn ọmọ ayò yín ń lọ. Ohun méjì ló yẹ kó wà lórí ahọ́n yín. Àkọ́kọ́, 2.Qh5: ẹ má gbé g6 lójú ẹsẹ̀, kuíìnì á jẹ e5 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì, á sì gba rúùkù. Nc6 ni, bí ó bá gbé 3.Bc4, ìgbà yẹn lẹ wá ta g6, 4.Qf3 Nf6. Kuíìnì rẹ̀ ti rìn lẹ́ẹ̀mejì lásán.

Ìkejì, bí ẹ bá dáhùn 3.Bc4 pẹ̀lú Nf6, funfun lè sáré 4.Ng5 sí f7. 4...d5 5.exd5, ẹ má jẹ d5 pẹ̀lú ẹṣin, nítorí 6.Nxf7 Kxf7 7.Qf3+ Ke6 8.Nc3 á fa ọba yín jáde sí àárín ọjà. Ẹ ta 5...Na5 6.Bb5+ c6 7.dxc6 bxc6 8.Be2 h6 9.Nf3 e4. Pọ́ọ̀nù kan ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ọmọ ayò yín ń sáré, tiwọn ń sá. Ẹni tí èyí kò bá bá lára mu, kó ṣe 3...Bc5, kó sinmi. Fún 1.d4, d5, Nf6, e6, Be7, káàsù, lẹ́yìn náà c5. A ò ní dúró pẹ́ níbẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ sílé

Ẹ gbé e láìwo ìwé láti ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkọkànlá, kí ẹ sì máa sọ ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè. Níbi tí ẹnu yín bá ti kọ́, ibẹ̀ lẹ ò mọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn gbé dúdú, kó máa yà kúrò lọ́nà bó bá ṣe wù ú. Lichess wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, ó ní ibi tí ẹ ti lè wo ohun tí àwọn ènìyàn sábà ń ta ní ìpele yín. Lẹ́yìn ayò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ fi ojú ara yín wá ibi tó ti bàjẹ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ tó ń yẹ ayò wò. Ẹ̀rọ á sọ fún yín pé ìgbésẹ̀ kan kò dára, kò ní sọ ohun tó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ gbé e.

Ní ìdí ọpọ́n

Kí ẹ tó jókòó, ilé tó wà ní igun ọ̀tún yín gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun, kuíìnì funfun sì wà lórí funfun. Ẹ wò ó. A ti rí ibi tí wọ́n ti ta ìgbésẹ̀ púpọ̀ lórí ọpọ́n tó yí padà.

Ọwọ́ tó bá kan ọmọ ayò ti sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan tiyín, òun lẹ máa gbé, bí ó bá ti ní ibi tó lè lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ti alátakò, ẹ máa jẹ ẹ́ bí ó bá ṣeé jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ tún un tò, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, ní ìgbà tí aago tiyín ń lọ. Nínú káàsù, ọba ni ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan rúùkù ti pàdánù káàsù ní apá yẹn.

Ọwọ́ tó gbé ọmọ ayò náà ni yóò tẹ aago. Kì í ṣe kí ọwọ́ ọ̀tún gbé e kí òsì sì ti nawọ́ sí aago ṣáájú. Bí pọ́ọ̀nù yín bá dé ìlà ìkẹyìn, ẹ gbé e kúrò, ẹ fi kuíìnì sí i, kí ẹ tó tẹ aago. Bí kò bá sí kuíìnì lórí tábìlì, ẹ dá aago dúró, ẹ pe adájọ́. Rúùkù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé kì í ṣe kuíìnì, rúùkù ni. Ẹni tó bá ta ìgbésẹ̀ tí òfin kò gbà tó sì tẹ aago, ìṣẹ́jú méjì ni alátakò rẹ̀ ń gbà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, ó ti pàdánù.

Fóònù: ẹ pa á pátápátá, kí ẹ sì fi sínú báàgì. Bí ó bá dún, ayò ti tán fún yín, bí kuíìnì mẹ́ta bá wà lọ́wọ́ yín pàápàá. Kí àwọn òbí tó wá wòran náà pa tiwọn, kí wọ́n má sì dúró sẹ́yìn ọmọ wọn. Láti ìgbà tí Tunde Onakoya, atayò chess ọmọ Nàìjíríà, ti ta ayò ní Times Square ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn òbí tó ń tẹ̀ lé ọmọ wá ti pọ̀ sí i, ó sì dára, ṣùgbọ́n orí mímì lásán láti ẹ̀yìn àga lè dá ẹjọ́ sílẹ̀.

Nínú ayò gígùn, ẹ gbọ́dọ̀ máa kọ ìgbésẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ta á. Gbé e, tẹ aago, kọ ọ́. Ẹ má kọ ọ́ kí ẹ tó gbé e, àfi bí ẹ bá fẹ́ béèrè ọ̀mì lọ́wọ́ adájọ́. Nínú ayò kúkúrú kì í ṣe dandan, àmọ́ bí àyè bá wà, ẹ kọ ọ́ dé ìgbésẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, torí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ wà.

Nípa àkókò: nínú 15+10, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ, bí alátakò bá wà lójú ọ̀nà tí ẹ mọ̀. Bí ó bá yà, ẹ dúró níbẹ̀ gan-an, kí ẹ ná ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú àti ààbọ̀, kí ẹ bi ara yín: kí ni ìgbésẹ̀ yìí ń halẹ̀, kí ló fi sílẹ̀ láìṣọ́? Àwọn kan ń sáré kọjá ibẹ̀ nítorí ìtìjú, kí alátakò má bàa mọ̀ pé ó yà wọ́n lẹ́nu. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀mì, ẹ gbé ìgbésẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́, ẹ wá tẹ aago. Ẹ má tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyọlẹ́nu nìyẹn. Bí ìrísí ọpọ́n kan náà bá fẹ́ wáyé ní ìgbà kẹta, tí ìgbésẹ̀ sì kan yín, ẹ má gbé e: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ dá aago dúró, ẹ pe adájọ́. Bí ẹ bá ti gbé e tí ẹ sì tẹ aago, ẹ̀tọ́ yẹn ti lọ lọ́wọ́ yín fún ìgbà náà. Aáwọ̀ yòówù kó jẹ́, adájọ́ ni ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó níwájú yín.

Lẹ́yìn ayò

Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. Ẹ kọ èsì sínú ìwé méjèèjì, kí ẹ méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì wò ó pé ohun tí ẹ kọ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Èsì tí ẹ fọwọ́ sí ṣòroó yí. Ẹ to ọmọ ayò padà sílé wọn, ẹ jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn kí ẹ tó máa sọ pé "ká ní mo ta ìyẹn ni".

Nínú ètò tí a ń pè ní Swiss, tí ọ̀pọ̀ ìdíje ń lò, kò sí ẹni tí wọ́n ń lé nílé nítorí pé ó pàdánù. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá dọ́gba tàbí súnmọ́ tiyín ni wọ́n máa fi yín pàdé ní ìpele tó kàn, ẹ ò sì ní pàdé ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdánù ti àkọ́kọ́, ìkejì lè rọrùn díẹ̀. Bí ohun kan bá pè yín lọ sílé, ẹ sọ fún adájọ́ kó tó gbé orúkọ ìpele tó kàn jáde, kí ẹnì kan má bàa jókòó níwájú àga òfìfo.

Láàárín ìpele, ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ yín dé ìgbésẹ̀ kẹwàá nìkan. Ẹ fàmì sí ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà Italian, ẹ kọ ìgbésẹ̀ tí ẹ rò pé ó yẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ pa ìwé dé, ẹ mu omi. Ìyókù di ilé.